Dídínà Mọ́ Pípín Sẹ́ẹ̀lì Bakitéríà: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Kan fún Ṣíṣẹ̀dá Oògùn Titun

Ìṣọníṣókí

Èròńgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé, ní èdè Yorùbá, bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń wá oògùn tí yóò dínà mọ́ pípín sẹ́ẹ̀lì bakitéríà. A yẹ iṣẹ́ purotéènì tí a mọ̀ sí FtsZ wò, a sì fi èròjà PC190723 ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé mímọ ibi tí a ó ti kọlu bakitéríà nìkan kò tó. Ó yẹ kí á mọ ọ̀nà tí yóò gbà bọ́, kí á sì mọ ohun tí bíbọ́ náà yóò ná an.

Ìfáárà

Ní ọdún 1928, Alexander Fleming ṣàkíyèsí pé ohun kan tí ń ti ara èéhù jáde ń pa bakitéríà. Ohun náà ni ó sọ ní pẹnisílíìnì. Nígbà tí ó ń gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945, ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó lè sọ bakitéríà ara rẹ̀ di èyí tí kò gbóògùn mọ́.

Ìkìlọ̀ náà ti ṣẹ. Àgbéyẹ̀wò kárí ayé tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The Lancet ní ọdún 2022 fojú bù ú pé, ní ọdún 2019, nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ni àìgbóògùn bakitéríà ṣekú pa. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìwọ̀n ikú náà ga jù sí: ó lé ní ènìyàn 27 nínú 100,000. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òkèèrè nìkan nígbà náà. Ó kan àwa gan-an. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ohun tí àwọn tí ń wá oògùn titun ń ṣe.

Bí Bakitéríà Ṣe Ń Pọ̀ Sí I

Bakitéríà kì í gbéyàwó, kì í sì í lóyún. Pípín ni í fi í pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan a dàgbà, a ṣe ẹ̀dà DNA tí ó gbé àbùdá rẹ̀, a mọ ògiri sí agbede-méjì ara rẹ̀, a sì pín sí méjì. Bí Escherichia coli bá rí oúnjẹ àti ooru tí ó tó, ó lè pín láàrin nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹyọ kan yóò di 8 láàrin wákàtí kan, yóò di 64 láàrin wákàtí 2. Bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́, yóò ti lé ní bílíọ̀nù kan nígbà tí wákàtí 10 bá pé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Bakitéríà tí kò bá lè pín kò lè di ogun.

FtsZ àti Òrùka Ìpín

Ta ni ó ń fi ibi tí sẹ́ẹ̀lì yóò ti pín hàn? Ní ọdún 1991, Erfei Bi àti Joe Lutkenhaus fi hàn pé purotéènì FtsZ a máa kóra jọ sí agbede-méjì sẹ́ẹ̀lì E. coli ní ìrísí òrùka. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó máa pe èyí ní òrùka ìpín. Bí FtsZ kò bá ṣiṣẹ́, E. coli yóò máa gùn bí okùn láìpín, títí yóò fi kú.

Òrùka yìí kò dúró sójú kan. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé bí àwọn ẹyọ FtsZ titun ṣe ń so mọ́ orí kan nínú àwọn fọ́nrán rẹ̀ ni àwọn ti àtijọ́ ń já kúrò ní orí kejì. Ìrìn yìí ni ó ń darí àwọn purotéènì tí ń mọ ògiri tuntun. A lè fi wọ́n wé àwọn bíríkìlà tí ń tẹ̀lé ẹni tí ń ta okùn ìwọ̀n: bí okùn bá dúró gbagidi, iṣẹ́ dàrú.

Kí ni ó mú kí FtsZ wu àwọn aṣẹ̀dá oògùn? Èkíní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà ni ó ní in, wọn kò sì lè pín dáadáa láìsí i. Èkejì, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní in. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe òun ni pẹnisílíìnì ń kọlù. Nítorí náà, bakitéríà tí ó ti mọ bí a ti ń kojú pẹnisílíìnì kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti ń dáàbò bo FtsZ.

Síbẹ̀, ìṣòro kan wà. Ní ọdún 1998, Jan Löwe àti Linda Amos ṣàfihàn ìrísí FtsZ, a sì rí i pé ó jọ túbúlínì, purotéènì kan tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ń lò nígbà tí òun náà bá ń pín. Oògùn tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá.

Àpẹẹrẹ PC190723

Èròjà kan tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, 3-methoxybenzamide, ni àwọn onímọ̀ tún ṣe títí wọ́n fi rí PC190723, tí wọ́n kéde ní ọdún 2008. Ó gba ẹ̀mí àwọn eku tí a fi ìwọ̀n Staphylococcus aureus tí ó lè pa wọ́n sí lára là. Bakitéríà yìí wà lára àwọn tí ń fa eéwo, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. PC190723 kì í fọ́ FtsZ. Ńṣe ni ó ń mú kí àwọn fọ́nrán rẹ̀ le, tí wọn kò fi lè tú bí ó ṣe yẹ. Òrùka kò rìn mọ́; sẹ́ẹ̀lì wú, kò lè pín.

Ìṣòro kò tán síbẹ̀. PC190723 kò rọrùn láti pò fún lílò, ara sì tètè ń yí i padà. Nítorí èyí ni a fi ṣe TXA709. Nínú èyí, a fi kábọ́nì kan àti fúlúórínì 3 rọ́pò kílórínì kan. Nígbà tí TXA709 bá wọ inú ara, yóò di TXA707, èyí tí ń ṣiṣẹ́ náà.

Ìṣòro kejì ni pé S. aureus lè yí FtsZ rẹ̀ padà ní ibi tí oògùn ti ń so mọ́ ọn. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2012 ni ó la ọ̀rọ̀ yìí yé wa jù. Ó fi hàn pé bí a bá lo PC190723 pẹ̀lú imipenem, tí ó jẹ́ ẹbí pẹnisílíìnì, bakitéríà tí ń bọ́ lọ́wọ́ PC190723 dín kù gidigidi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bọ́ kò lágbára àtifa àrùn tó ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ oògùn ẹbí pẹnisílíìnì tí wọn kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Èyí já sí pé ibi tí bakitéríà gbà sá fún oògùn kan ni oògùn kejì ti ń mú un.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí a rí kọ́ lára FtsZ ni pé kì í ṣe agbára oògùn nìkan ni a fi ń ṣẹ́gun bakitéríà. Ó yẹ kí aṣẹ̀dá oògùn ti ro sísá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì yan ibi tí bakitéríà kò ti lè sá láìpàdánù nǹkan.

Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí oògùn tí ń kọlu FtsZ tí a fọwọ́ sí fún ìtọ́jú ènìyàn. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ ni a ó ṣì máa lò, ó sì yẹ kí á ṣọ́ wọn lò. Ẹni tí ó ra kápúsù méjì péré nítorí ọ̀fun dídùn, tàbí tí ó pa oògùn tì ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá, ń ṣe ohun tí Fleming kìlọ̀ nípa rẹ̀. A rọ àwọn olùkọ́ Yorùbá pé kí wọ́n máa lo irú àkòrí báyìí fún àyọkà àti àròkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ṣàlàyé òrùka ìpín ní èdè abínibí rẹ̀ yóò lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ nílé, ìdí tí kò fi yẹ kí ó pín kápúsù rẹ̀ fún aládùúgbò.