Àpótí Ìmọ̀: Oúnjẹ Obìnrin àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Láti Akínmọ̀ọ́rìn dé Fìdítì, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọsàn wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Fáíbà inú wọn ń dín ewu jẹjẹrẹ ìfun kù. Ti ọmú yàtọ̀: kò sí oúnjẹ kan ṣoṣo tó ń fà á tàbí tó ń wò ó sàn. Àmọ́ ọtí ń dá kún ewu rẹ̀, ìbáà ṣe bíà tàbí ògógóró. Ìwádìí lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Ùgáńdà, tó jáde ní 2014, fi èyí hàn. Sísanra jù náà léwu, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu ńkọ́? Oró inú rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, sísè kì í sì í pa á tán. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ sè. Ẹ dà á nù.