Àmánáà Ni Ara: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ń Gbé Irin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní ìdá tó dára. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀dọ́ pọ̀ láàárín wa ní Ìjagun yìí, níbi tí Yunifásítì Tai Solarin wà. Kí ọ̀dọ́ gbé irin kí ara rẹ̀ le kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì fi yé wa pé Ọlọ́hun fẹ́ràn onígbàgbọ́ tó lágbára ju aláìlágbára lọ, bí oore tilẹ̀ wà lára àwọn méjèèjì.

Sítẹ́rọ́ìdì ni a ń kìlọ̀ fún yín. Èròjà tí Ọlọ́hun fi sára ọkùnrin ni wọ́n fi oògùn yìí fara wé. Bí ó bá ń wọlé láti ìta, ara yóò dẹ́kun ṣíṣe tirẹ̀: kórópọ̀n yóò súnkì, àtọ̀ yóò ṣàn tán, ẹni tó ń wá ìrísí akọ lè di ẹni tó ń wá ọmọ. Ó lè ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè mú ìbínú òdì wá. Súrà Al-Baqarah, áyà 195, ti kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun.

Ní Seoul, ọdún 1988, Ben Johnson ọmọ Kánádà sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.79. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi gba góòlù náà padà nítorí sítẹ́rọ́ìdì.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kò wá góòlù; dígí ni adájọ́ wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, bí apá rẹ̀ tilẹ̀ ki bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, tínrín ni yóò máa rí ara rẹ̀. Súrà Al-Munāfiqūn, áyà 4, sọ nípa àwọn tí ara wọn wu ojú, tí wọ́n sì dà bí igi tí a fi ti ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn sàábé rẹ́rìn-ín sí ẹsẹ̀ tínrín Abdullāhi ọmọ Mas'ūd, Ànábì ní ẹsẹ̀ náà yóò wúwo ju òkè Uhud lọ lórí òṣùwọ̀n Ọlọ́hun.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ọ̀rẹ́, ẹ má fi ẹni tínrín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹni tó ti ń lò ó, kí ó má fi pamọ́. Kí ó lọ bá dókítà, nítorí ìbànújẹ́ ńlá lè bá ẹni tó dá nìkan pa á tì.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwà wa wúwo ju ara wa lọ. Āmīn.