Kẹ́míkà DDT àti Àbùkù Ojú Ara Àwọn Ọmọkùnrin Jòjòló

Ní agbègbè Limpopo, lórílẹ̀-èdè South Africa, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ń fọ́n kẹ́míkà DDT sára ògiri ilé láti pa ẹ̀fọn tó ń fa ibà. Oògùn náà ń gba ẹ̀mí là. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi rọrùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Riana Bornman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ọmọkùnrin 3,310 tí a bí níbẹ̀ láàrin ọdún 2004 sí 2006. Àwọn 357 ló ní àbùkù, irú bíi kóró ẹpọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, tàbí ihò ìtọ̀ tó wà ní abẹ́ nǹkan ọmọkùnrin dípò orí rẹ̀. Ewu náà fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i fún ọmọ ìyá tó ń gbé ní abúlé tí wọ́n ti fọ́n DDT. Ti ìyá tí kì í jáde lọ síbi iṣẹ́ tún ga sí i, kò sì yani lẹ́nu: ara ògiri ilé ni oògùn náà wà.

Ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni họ́mọ́nù akọ máa ń mọ ojú ara ọmọkùnrin. Nínú ara, DDT a máa di DDE, èyí tó ń dí họ́mọ́nù náà lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìwádìí náà kò fi hàn pé DDT nìkan ló fà á.

Bí kóró ẹpọ̀n kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ihò ìtọ̀ bá sì wà lábẹ́, ẹ má tíì pe olóólà; awọ tí ì bá gé sọnù ni oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń fi tún ibẹ̀ ṣe.