DÒJÉ BÀBÁ

Ẹ ka 1 Sámúẹ́lì 21:8-9.

Nígbà tí a pín ẹrù bàbá wa ní Èrúwà, dòjé tí wọ́n fi ń gé koríko ewúrẹ́ ló kàn mí. Mo fi aṣọ wé e pamọ́. Nígbà tí mo tú u, èèkù tí ọwọ́ Bàbá ti mú dán ṣì wà, àmọ́ irin ti dípẹtà!

Aṣọ ni wọ́n fi wé idà Gòláyátì náà ní Nóbù. Ṣùgbọ́n Dáfídì, tó ń sá fún Sọ́ọ̀lù, gbà á, ó mú un lọ.

Ará mi, ṣé àdúrà ìyá yín lẹ ṣì ń ròyìn, tí ẹ̀yin fúnra yín kì í gbàdúrà mọ́? Mo ti pọ́n dòjé mi o. Ẹ tú tiyín lónìí.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí ogún ìgbàgbọ́ dípẹtà lọ́wọ́ mi. Àmín.