Àpótí Ìmọ̀: Tọ́rọ́ Fàdákà àti Irin tí a Fi Tẹ̀ Ẹ́

Kí náírà tó dé ní 1973, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ni àwọn baba wa fi ń nájà. Èyí tó kéré jù nínú àwọn onífàdákà sì ni tọ́rọ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 16, tí ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, tí ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà pọ́nńbélé. Ní 1913 ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀wọ́n fàdákà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ló sọ ọ́ di idẹ ní 1920.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú àpótí ìyá àgbà ní Zion Pepe, ìlú etí òkun, kí ó fi díńgí amúǹkan-tóbi wo ẹ̀bá ọdún tó wà lára rẹ̀. Bí lẹ́tà H bá wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló tẹ̀ ẹ́. Ti 1913 tí kò ní lẹ́tà, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù nìyí: níbi tí a bá ti ń fọwọ́ lu lẹ́tà wọ inú irin ìtẹwó, ó lè wọ́, ó sì lè ní òjìji bí a bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Bí irin náà bá sán, ìlà tó yọ gọngọ ni a ó rí lára owó, nítorí kòtò inú irin ní í di òkè lára fàdákà.

Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun a máa sọ tọ́rọ́ fàdákà di dúdú; ẹ má ṣe fi eérú tàbí yanrìn bó o, àmì wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́.