Ẹ Pe Ẹni Tó Bá Aláìsàn Wá Wọlé

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ẹni tó jókòó níwájú yín ní ọsibítù Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lè ti kúrò lábà láti ìdájí, kó ti yáwó ọ̀kadà, kó ti fa ọmọ lé aládùúgbò lọ́wọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní fi ìyẹn hàn yín. Àfi kí ẹ bi í.

Ẹ wo Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923. Birmingham ló ti kàwé dókítà. Nígbà tó gba iṣẹ́ ọsibítù Aró ní Abẹ́òkúta ní 1954, kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó bẹ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí kí wọ́n gbà wọ́n sílé. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Tí aláìsàn bá ti gba ìtọ́jú ọjọ́ náà tán, á bá onílé ṣiṣẹ́ oko. Lambo kò pa oògùn òyìnbó tì, síbẹ̀ ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin yìí ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ti ìbátan yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Mo ti rí dókítà tó lé ìyàwó aláìsàn síta láìbi í ní nǹkan kan, ó sì dùn mí. Bí ìyàwó kò bá gbọ́ àlàyé, ta ló fẹ́ rán ọkọ rẹ̀ létí oògùn alẹ́?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Bí ahunṣọ òfì kan ní Ìsẹ́yìn bá ní i, ara rẹ̀ á yá, á ní òun ti gbádùn, á pa oògùn tì; tówó bá sì wọ́n, á máa fo ọjọ́ kó lè pẹ́ lọ́wọ́. Bí èyí tó dínwó tó sì ń ṣiṣẹ́ bá wà, ẹ kọ ìyẹn fún un. Ẹ bi í bóyá ó ń mu àgbo, ṣùgbọ́n ẹ má bú u, torí bí ẹ bá bú u, á fi pamọ́ fún yín lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má sì kàn sọ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní Ṣakí, ìlú elùbọ́, pé kó má fẹnu kan àmàlà mọ́. Kí ni kó wá jẹ? Ẹ jọ wo bí òkèlè ṣe pọ̀ tó àti ohun tó wà lọ́bẹ̀.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ dókítà lọ gbé ní Ìbàràpá, ìtòsí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ ìgbé ayé ará oko. Bó bá kàn yín, ẹ lọ tọkàntọkàn. Bí ẹ bá sì ti ń kọ oògùn, ẹ pe ẹni tó bá aláìsàn wá wọlé, ẹ fún un níjòókòó, ẹ ṣàlàyé lílò rẹ̀, kí òun náà sì tún un sọ fún yín kó tó dìde.