Ẹ̀KỌ́ WA: BIYU KÌ Í ṢE BIYAR

 

Ọ̀rọ̀ èdè la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ní ohun tó fà á. Ọ̀kan nínú wa lọ ra tòmátì nídìí ọkọ̀ àwọn ará Òkè Ọya. Ẹni tó ń já ẹrù ní "biyar?" Arábìnrin wa gbọ́ "biyu", ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló fẹ́, márùn-ún ni wọ́n já fún un. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó pàpà san owó márùn-ún. Kí ọjọ́ kẹta tó pé, tòmátì ti jẹrà, owó àjọ wọlẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀ o. Wọn ò gbọ́ ara wọn yé ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé èdè tó wà ní Nàìjíríà yìí lé ní 500. Hausa, Yorùbá àti Ígbò ni òfin ọdún 1999 dárúkọ pé wọ́n lè fi jíròrò nílé aṣòfin l'Ábùjá, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ Tiv wà, Ẹ̀dó wà, Kànúrí, Núpé, Ìbìbíò wà. Ìpínlẹ̀ Plateau nìkan, èdè ibẹ̀ lé ní 40.

Kò yẹ kó bà wá lẹ́rù. Àlùbọ́sà tí à ń tà, "albasa" ni Hausa ń pè é. Àlàáfíà wa, "lafiya" ni tiwọn. Wàhálà, àwọn náà ń pè é ní wahala! Ígbò ńkọ́? A ní etí, wọ́n ní "ntị". A ní ẹ̀ta, wọ́n ní "atọ".

Ẹ kọ èyí sára ògiri ìsọ̀ yín. Hausa la kọ́kọ́ kọ, Ígbò tẹ̀ lé e:

Ọ̀kan: ɗaya, otu
Méjì: biyu, abụọ
Mẹ́ta: uku, atọ
Mẹ́rin: huɗu, anọ
Márùn-ún: biyar, ise
Mẹ́wàá: goma, iri
Èló ni?: nawa ne?, ego ole?

Bí wọ́n bá pe iye, ẹ na ìka yín sókè, kí onítọ̀hún náà na tirẹ̀. Bí ìka ò bá dọ́gba, ẹ má tíì tú owó. Ẹ sì máa kọ́kọ́ kí wọn ní èdè wọn. Ẹni tí a bá kí dáadáa kì í lè le mọ́ wa nídìí iye.

Ọjà á tà o.